Kòsábàwọ́n àti Ẹ̀wù Funfun Àbúrò Rẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí lọ́yà kan jẹ́, ẹ má wo ẹnu rẹ̀, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ohun tí obìnrin alágbàfọ̀ kan máa ń sọ nìyẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹjọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn lọ́yà ìlú náà ń kó aṣọ wá. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Kòsábàwọ́n ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí oníbàárà bá na ẹ̀wù síwájú rẹ̀, tó ń ráhùn pé òun kò mọ̀ bóyá èyí yóò lọ, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Kò sábàwọ́n tó ń sùn lọ́dọ̀ mi."

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Tábìlì tó fi ń lọ aṣọ wà láàárín, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò ó, gáànù dúdú àwọn lọ́yà sì tò lọ gbọọrọ lára ògiri bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, bàsíà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan fún aṣọ funfun, ọ̀kan fún aláwọ̀, ọ̀kan tó kù sì jẹ́ ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Akunlé ni àbúrò náà, iṣẹ́ ọ̀dà ló ń ṣe. Ọmọ náà kò tíì mọ okùn bàtà dì nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sì tọ́ ọ dàgbà. Lójoojúmọ́ tó bá ti ṣíwọ́, ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbà wọlé, á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sínú bàsíà tirẹ̀, á wọ èyí tó mọ́, á mu omi, á sọ ìsọkúsọ díẹ̀, á sì gba ilé lọ. Aṣọ náà á máa dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ alágbàfọ̀ bá dilẹ̀, torí aṣọ ọlọ́dà kò ṣeé fọ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ olówó. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́wọ́ akunlé yẹn ju ẹnu lọ. Ẹnu rẹ̀ lè pa òkú lẹ́rìn-ín.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ aṣọ tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, ife omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọlọ́pàá méjì fi wọlé. Wọ́n ní ẹnì kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù alágogo kan tó ń ta agogo ọwọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fi irin lu ẹni tó ni ín lórí, ó sì kó ọjà lọ. Alágogo kò rí ojú olè náà dáadáa, àmọ́ ó rántí pé ó ga, ó tín-ín-rín, ẹ̀wù funfun ló sì wọ̀. Akunlé ga, ó tín-ín-rín, òun náà ló kun ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún lọ́dà nígbà kan. Ìyẹn ti tó fún ọlọ́pàá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da omi yẹn nù," ló wí bí wọ́n ṣe ń mú un jáde. "Mò ń bọ̀ wá mu ún." Ife náà ṣì wà lórí fèrèsé.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ fún obìnrin náà: ẹ padà wá lọ́la. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ń ro ó, wọn kò jẹ́ kó rí ọmọ ìyá rẹ̀. Ló bá ní àfi kí òun wá lọ́yà. Ẹni tó ní odidi ògiri tí lọ́yà kún ara rẹ̀, kí ló ní tó le níbẹ̀? Òun náà rò bẹ́ẹ̀.

Ó kọ́kọ́ mú gáànù tó gbayì jù lára ògiri, èyí tí dírẹ́bà máa ń gbé wá, tí òógùn kì í kan ọrùn rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Ọ́fíìsì náà tutù, àga rẹ̀ sì rọ̀ débi pé alágbàfọ̀ rì sínú rẹ̀ bí ọṣẹ tó jábọ́ sínú omi. Ọ̀gá lọ́yà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdajì.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni èmi ń ṣe. Èmi kì í dé àgọ́ ọlọ́pàá."

"Ṣùgbọ́n lọ́yà lẹ̀yin náà, sà."

"Màmá, dókítà ojú kì í yọ eyín."

Ó kó ìtìjú rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ lọ́yà obìnrin kan tó máa ń pè é ní ìyá mi. Ìyẹn fún un lómi, ó dì í lọ́wọ́ mú, àfi bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ alágogo tó jáwọ́ kíá. "Ìyá mi, ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn. Èmi ni lọ́yà ọkùnrin yẹn. Ohun tí ẹ bá sọ fún mi lè pa àbúrò yín lára." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Alóògùn."

Ẹ wo ayé! Kòsábàwọ́n fúnra rẹ̀ ló sọ ọkùnrin yẹn ní Alóògùn. Gáànù rẹ̀ ya lábíyá, òógùn ti sọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ di àkísà mẹkáníìkì, eré ló sì máa ń sá wọ ilé ẹjọ́ ní gbogbo ìgbà. Ọdọọdún ni obìnrin yìí ń fi gáànù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá, òun náà mọ òwe yẹn, ó kàn ń pa á fún ẹlòmíì ni.

Orí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ ló bá a, ó wà lórí ìdúró, ó ń jẹ búrẹ́dì. Kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀, kò sọ̀rọ̀ omi. Ó ní, "Ṣé ó ti fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ rí i kí n tó débẹ̀, ẹ ní kó pa ẹnu mọ́."

"Háà. Ẹnu àbúrò mi ò ṣeé pa mọ́ o, sà."

Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni obìnrin náà fi gbà pé òun ti rí èèyàn. Lọ́yà ní owó kò ní dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn, ó nu ọwọ́ mọ́ gáànù tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì sáré gba ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ kejì, alágbàfọ̀ ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ariwo ọkọ̀ kún ibi tí lọ́yà wà.

"Ìyá! Ẹ̀wù funfun tí àbúrò yín wọ̀ lọ sí iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, níbo ló wà?"

"Ó wà nínú bàsíà rẹ̀ níbí, sà."

"Ẹ ṣeun! Ẹ má jẹ́ kó sọnù o. Ẹ mú un wá bá mi láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀wù yẹn la gbójú lé nílé ẹjọ́." Fóònù já.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú obìnrin yẹn dùn. Látọjọ́ tí wọ́n ti mú ọmọ yẹn, kò rí nǹkan kan fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe ju kó fi lérán lọ. Nísinsìnyí wọ́n ti wá bi í ní ọ̀rọ̀ aṣọ. Ó ti rí bí wọ́n ṣe máa ń mú àwọn ẹlẹ́jọ́ wá síwájú adájọ́ nínú aṣọ tó ti gbó, tí adájọ́ á wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, tí á sì yí ojú kúrò. Tàbúrò rẹ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbé ẹ̀wù náà sókè. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ti bò ó láti ọrùn dé ikùn, ó ti gan páálí.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lé oníbàárà. Ó fi kẹrosíìnì rẹ ẹ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, ó fi ọṣẹ gbo ó, ó sá a, ó tún rẹ ẹ́ padà. Ojú aṣọ níbi tí òwú méjì ti pàdé ara wọn, orí abẹ́rẹ́ ló fi ń yọ ọ̀dà ibẹ̀. Ìka rẹ̀ bó. Ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́, ó ń bá ọ̀dà náà jà bí ẹni pé òun gan-an ló ti ọmọ mọ́lé. Nígbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹ̀wù náà funfun báláú, ó fi sítáàṣì sí i, ó sì lọ̀ ọ́ débi pé apá rẹ̀ lè gé èèyàn lọ́wọ́. Mi ò rò pé ó fọ aṣọ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Yàrá lọ́yà wà lórí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, òun àti ẹlòmíì ló jọ ń lo tábìlì kan. Alágbàfọ̀ tú ẹ̀wù náà síwájú rẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín.

Lọ́yà wò ó. Ó wo àpò tí wọ́n fi gbé e wá, bóyá òmíràn wà níbẹ̀. "Ìyá, ọ̀dà ńkọ́?"

"Mo ti yọ ọ́ tán, sà! Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ fi mí ṣẹ̀sín."

Lọ́yà gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó yí i sódì, ó wo ọrùn, ó wo ìránpọ̀, ó wo abẹ́ bọ́tìnnì. Ó padà wá jókòó.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ilé kan tó ṣófo ni akunlé ti ń ṣiṣẹ́, òun nìkan. Onílé ti rìnrìn àjò, fóònù rẹ̀ kò lọ, aládùúgbò kankan kò sì rí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ni agolo ọ̀dà ti dà sí i láyà, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ṣiṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Alágogo ti sọ ọ́, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, pé ẹ̀wù olè náà funfun láìní àmì kan. Lọ́yà sì ti fọ́nnu níwájú ọ̀gá ọlọ́pàá pé òun yóò mú ẹ̀wù ọlọ́dà jáde.

"Wọ́n á béèrè rẹ̀, ìyá. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, ẹ̀wù tí alágogo rí gan-an ló jọ."

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Obìnrin náà di tábìlì mú. "Ọ̀dà náà ṣẹ́ kù nínú agolo rẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n dà á padà sí i. Mo mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ ọ́n bí ojú mi."

"Ìyá, ẹ má tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Tí ẹ bá ṣe é, ẹ̀yin àtàbúrò yín lẹ ó jọ wà níbẹ̀." Ó bo ojú. "Ẹ̀bi mi ni. Ó yẹ kí n sọ fún yín pé ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ó ṣeun tó gba ẹ̀bi. Kí ni kí alágbàfọ̀ fi ẹ̀bi lọ́yà ṣe? Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ó ti ń pa òwe yẹn mọ́ ẹni ẹlẹ́ni látọjọ́ tó ti gbọ́n.

Lọ́yà ní kó lọ sílé, òun á sọ fún ọmọ náà fúnra òun. Kò gbà. Òun ló fọ aṣọ, òun ni yóò sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n jẹ́ kó rí i nígbẹ̀yìn, wáyà wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ náà ti rù, àmọ́ eyín rẹ̀ ti wà níta.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ ti fún lọ́yà ní ẹ̀wù yẹn?"

"Mo ti fún un."

"Ẹ ṣeun. Ọkàn mi ti balẹ̀." Ó sún mọ́ wáyà. "Àwọn tá a jọ wà níbí ní ọlọ́pàá lè jí i fọ̀. Mo ní ọ̀dà tí mo fọwọ́ ara mi pò? Mo ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè fọ ọ̀dà yẹn kúrò láyé yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo sì tọ́jú ẹ̀wù náà sí!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sún mọ́ wáyà kó lè sọ ọ́. Ìka rẹ̀ tó bó di wáyà mú ṣinṣin. Ọmọ náà tẹ orí wá síwájú, ó ń fa imú, ẹ̀rín rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "kí ló dé tí ọwọ́ yín ń rùn kẹrosíìnì?"