Àtìẹ́kẹ́ Ìyá Awakọ̀ Bàálù

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí àárọ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, oòrùn ti yọ, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan sì gba gbogbo àgbàlá wa ní Yopougon, nílẹ̀ òkèèrè tí mo ń gbé. Aládùúgbò mi, obìnrin Ebrié, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, ti sá ẹ̀gẹ́ rírin tó fẹ́ fi se àtìẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, sórí aṣọ funfun. Ó jókòó tì í, kò wọṣọ òde. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sójà tó ń wa bàálù, máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bàálù dárà létí òkun Vridi, kí ará ìlú lè mọ̀ pé ogun ti parí.

"Màmá Pílọ́ọ̀tì, o ò tíì múra?"

"Alhájà, tí òjò bá pa ẹ̀gẹ́ mi ńkọ́?"

"Ẹ̀gẹ́ lo bí ni, àbí ọmọ? Ọmọbìnrin mi á bá ọ ṣọ́ ọ."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Kì í wòkè rárá tí ọmọ yẹn bá ń fò. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ dìde. Ẹ bá mi rántí ìyẹn, torí èmi náà ò gbàgbé.

A wọ gbáká, ọkọ̀ èrò kékeré tibẹ̀, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Èrò ti kún etí òkun. Nígbà tí bàálù àkọ́kọ́ bú ramúramù, ọ̀pọ̀ nínú àwa obìnrin ló lóṣòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ti máa ń ṣe nígbà ogun nìyẹn, ó ti mọ́ wa lára. Ìgbà tí a rí ara wa nílẹ̀, ẹ̀rín pa wá. Mo gbọn iyanrìn kúrò lára ìró mi, mo ní, "Tòní, tìdùnnú ni."

Ọmọ náà ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé òun á mi apá bàálù sí i. Ó sì mì í lóòótọ́, ọ̀tún, òsì. Ìyá rẹ̀ fò sókè bí ọmọdébìnrin. Lẹ́yìn náà bàálù gòkè títí ó fi kéré bí eṣinṣin, ó yípo, ó dorí kodò, ó ń bọ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́, torí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, tó sì tún gbéra nígbà tó kù díẹ̀ kó kan omi. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

"Ó ti wálẹ̀ jù," ló wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Omi funfun ru sókè. Mo ṣì ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìró rẹ̀ dé etí mi.

Mi ò ní sọ bí a ṣe délé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn sójà wá sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, ilé rẹ̀ kún. "Yàkó, yàkó," bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn kẹ́dùn níbí, ni gbogbo ẹnu ń wí. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mi ò wọlé. Ta ló mú un lọ? Ta ló ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń já bọ́? Mo yí padà, mo rí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nínú ọpọ́n tí ọmọ mi kó o sí. Bó bá di ọ̀la, ó bàjẹ́ nìyẹn, ebi sì máa pa àwọn tó wá kẹ́dùn. Mo dáná. Ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Dípò kí n fi ooru omi sè é bíi tiwọn, ọwọ́ mi ti bu ú sínú agbada, mo ń yan án. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ó ti gbẹ táútáú.

Mo gbé abọ́ kan wọlé tìtìjú-tìtìjú, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Má bínú. Èmi ni mo mú ọ lọ."

Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Alhájà, gààrí lo yan yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. "Ó mi apá sí mi. O rí i?"

"Mo rí i. Ọ̀tún, òsì."

Ìgbà yẹn ló tó sunkún, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti etí òkun, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹlẹ́bi ló ń wá nínú mi. Ẹni tí wọ́n jọ rí bí ọmọ náà ṣe mi apá sí i ló ń wá. Nígbà tó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, mo padà sídìí iná, torí ẹ̀gẹ́ ṣì kù nínú ọpọ́n.