Ẹni Tó Ń Wojú Olúwa

Àbúrò ìyá mi, tó ń ránṣọ ní Èmùrè-Ilé, kò bímọ. Kò sẹ́ni tó jẹ́ pè é lágàn. "Ó ń wojú Olúwa" ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, àbí?

Lọ́dún tí ilé ìwé di ọ̀fẹ́, òun ló rán aṣọ funfun tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún ọmọ aládùúgbò wa. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó nawọ́ láti gbé ọmọ náà. Ìyá àgbà ọmọ fa ọmọ náà sẹ́yìn, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ní kó má bínú, pé ẹni tó ń wojú Olúwa kì í gbé ọmọ tuntun.

Inú ṣì ń bí mi dòní. Àbúrò ìyá mi ò sunkún. Ó ní, "Màmá, ẹ kúkú pè mí lágàn, kẹ́ ẹ gbé ọmọ fún mi."