Ilẹ̀ Tí Mo Ṣe fún Àwọn Sójà Oníke

Òórùn gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ nínú oòrùn ló máa ń rán mi létí ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì gùn lé ìyanṣẹ́lódì, tí Mayfair, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, sì dá páropáro. Tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ilé tí mò ń gbé níbẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àti orin kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì náà ń fà gùn, kálukú di ẹrù rẹ̀, ó gba ilé wọn lọ. Èmi ò níbi tí mò ń lọ. Bàbá mi ti kú, ìyá mi sì ti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tọ́jú ọmọ ní Kánádà, ẹlòmíràn ti gba ilé tí a háyà. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àgádágodo ni mo máa ń rí lẹ́nu gbogbo yàrá yòókù, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ìparí.

Mo ní àpò sójà oníke kan tí mo rà láàárín àwọn ohun ìṣeré tókunbọ̀ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ tà. Ìyá tó tà á fún mi rò pé ọmọ mi ni mò ń rà á fún, mi ò sì já a ní koro. Mò ń kàwé másítà nígbà náà, irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi, ṣùgbọ́n tí mo bá ti to àwọn sójà yẹn tán, ọ̀gágun ni mo máa ń dà. Ìrọ̀rí ni òkè, aṣọ búlúù ni odò, ọwọ́ ọ̀tún mi á sì máa bá ọwọ́ òsì mi jagun. Mi ò mọ ìdí tí inú mi fi máa ń dùn tí ọwọ́ ọ̀tún bá borí, nítorí èmi náà ni mo ni ọwọ́ tó pàdánù.

Orí fóònù ni mo ti bá àwọn mìíràn pàdé, àwọn àgbàlagbà tó ń kó irú sójà bẹ́ẹ̀ jọ ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá, tí wọ́n ní ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ sójà kọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Sójà pọ̀, kò wọ́n. Ilẹ̀ ló ń dá wọn lágara: òkè, odò, afárá, igi àti ilé kéékèèké tí wọ́n máa ń to sójà sí, kó má baà dà bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á. Òkè kan ṣoṣo lè wọ́n ju odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun lọ, owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù á tún gun orí rẹ̀. Afárá ẹlòmíràn á dé, á ti fọ́.

Èmi bá gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì mi àtijọ́, mo fi gbẹ́ òkè. Mo lọ bu lẹ́búlẹ́bú igi níbi tí wọ́n ti ń la pákó lápá Modakeke, mo pò ó mọ́ ọ̀dà àwọ̀ ewé, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bíi koríko. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ náà. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, fóònù mi ò sinmi mọ́. "Ṣé o lè ṣe ti èmi?" "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè o!" Wọ́n ń fowó lé ara wọn lórí fóòmù tí mo ti sùn lé rí. Inú mi dùn, àmọ́ kì í ṣe torí owó nìkan. Mo rò pé ẹni tó bá wá gbé ilẹ̀ á jókòó, a ó jọ ta á díẹ̀ bí ẹni ń ta lúdò. Mo tilẹ̀ lọ ra àga kejì. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n ń rán wá, tàbí kí wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ láti gáréèjì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fẹsẹ̀ ara wọn wá, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn. Odidi ìlú ni wọ́n ní kí n ṣe: òkè méjì, odò láàárín, afárá, ilé onípáànù, igi ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, mo se ìrẹsì, mo gbálẹ̀, mo to sójà sí ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì. Bàbá wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí.

"O káre, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ jókòó, sà. Mo ní ká jọ ta á lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó máa lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Èmi? Mi ò mọ̀ ọ́n ta o. Àwọn ọmọ mi ló ni sójà, gbogbo wọn ti wà lókè òkun. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n rí i lórí fóònù pé mi ò da nǹkan wọn nù."

Dẹ́rẹ́bà gbé ìlú náà sínú ọkọ̀. Mo jẹ ìrẹsì náà lọ́sàn-án, mo tún jẹ ẹ́ lálẹ́.

Kò pẹ́ tí bàbá fi pè mí. Ọ̀pẹ kan ti ṣẹ́, kí n wá. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tún yá, afárá ti kán. Mo ní kí wọ́n fi rán dẹ́rẹ́bà. Wọ́n ní, "Ìwọ ni mo fẹ́ kó wá."

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ilé ńlá, pálọ̀ ńlá, bàbá nìkan nínú rẹ̀. Mo wo ojú ibi tí afárá ti kán. Kò jọ ohun tó já bọ́.

"Ta ló ṣe é, sà?"

"Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ." Ojú bàbá ò yẹ̀. "Ọ̀pẹ yẹn náà, èmi ni. Àwọn ọmọ wò ó, wọ́n ní ó dáa, wọ́n pa fóònù. Èmi nìkan ni mo wá ń wò ó látìgbà yẹn. Jókòó. Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á?"

Mo kọ́ wọn, wọn ò gba òfin kankan. Tí mo bá yìnbọn fún sójà wọn, wọ́n á ní, "Kò kú o, ó fara pa ni," wọ́n á gbé e lọ sílé onípáànù, wọ́n ní ọsibítù ni. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, gbogbo ọmọ ogun àwa méjèèjì ti wà ní ọsibítù. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Látọjọ́ náà, mo máa ń lọ lóòrèkóòrè, kò sì sí ogun kan tí ẹnikẹ́ni borí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ wá mú bàbá lọ sọ́dọ̀ wọn lókè òkun. Ilẹ̀ náà ò ṣe é gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú, bàbá bá ní kí n máa gbé e lọ. Yàrá mi ò gbà á. Mo fi fọ́tò rẹ̀ síta, wọ́n ti rà á kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bàbá pè mí lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀hún. Wọ́n ní gbogbo ará ilé ti lọ síbi iṣẹ́, àti pé ilé ọ̀hún tún tóbi ju tàwọn lọ. "Ìlú wa ńkọ́?"

"Mo ti tà á, sà."

"Ó dáa. Ta ni ẹni tó rà á ń bá ta á?"

Mo ní mi ò bi í. Bàbá ní, "Ó yẹ kó o bi í." Ọ̀rọ̀ tá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tí mo tún pè, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù báyìí ní Oke-Ogbo, ilẹ̀ tí mò ń ṣe sì ti gbówó lórí ju tìgbà yẹn lọ, síbẹ̀ àwọn oníbàárà ò yé pè. Mo máa ń bi gbogbo wọn ní ìbéèrè bàbá. Tí mo bá béèrè bó ṣe máa tóbi tó, wọ́n á yára sọ. Tí mo bá dárúkọ iye, wọ́n á ná an. Àmọ́ tí mo bá ní, "Ta lẹ ó jọ máa ta á?", ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á ní kí ló kàn mí. Púpọ̀ nínú wọn, ńṣe ni wọ́n máa ń dákẹ́. N kì í pa fóònù. Mo máa ń fi í sétí, mà á sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.