Orin Kékeré tí Aránṣọ Ṣe fún Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Djègan-Kpèvi, ní Àjàṣẹ́ wa níbí, obìnrin aránṣọ kan ń gbé ní ojúlé kejì sí tiwa, tó máa ń ṣe orin fún èèyàn. Ẹ má rò pé orin ńlá ni. Orin ìlà mẹ́rin péré ni, tí ẹ ó ti kọ tán kí omi orí iná tó hó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnu rẹ̀ á máa wá ohùn orin kiri. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gba aṣọ yín, á ká a lé yín lọ́wọ́, á sì kọ orin yín fún yín. Ó ṣe ti ẹlẹ́kọ tó máa ń fọwọ́ òsì pọ́n ẹ̀kọ. Ó ṣe ti olùkọ́ àgbà kan tó máa ń wá awò ojú rẹ̀ kiri nígbà tó sì wà lójú rẹ̀. Gbogbo àdúgbò la mọ orin ara wa.

Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, Mùsùlùmí ni àwa, ìyẹn kò sì da nǹkan kan rú láàárín wa. Aṣọ ló dà á rú. Ìyá mi gbé aṣọ Iléyá fún un rán, búbà sì kúrú. Ìyá mi ní ó gé aṣọ òun bí ẹni gé ewé ẹ̀kọ. Aránṣọ ní aṣọ kò kúrú, ìyá mi ló sanra lẹ́yìn tí òun wọ̀n ọ́n tán. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé mì. Wọn ò kí ara wọn mọ́, ìyá mi sì kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ó dùn mí púpọ̀. Gbogbo ilé ló ní orin, àfi tiwa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi lọ ta ọjà ní Kraké lẹ́bàá bodè, ni mo bá yọ́ wọ ìsọ̀ aránṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

“Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé o wà níbí?”

“Rárá, màmá. Orin ni mo wá gbà.”

“Orin ta?”

Tèmi ni mo ti pinnu láti bèèrè fún, àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ti ìyá mi.”

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó wò mí títí. “Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìwọ tó ń bá a gbé, báwo ló ṣe máa ń wọlé bó bá ti Kraké dé?”

Mo rò ó fún un, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, orin ti délẹ̀:

Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà,
ó pe àkọ́bí, ó pe àwọn àbúrò;
kó tó bu omi mu,
ó ti ka gbogbo wa pé.

Mo sáré délé. Inú mi ń dùn débi pé mo lọ sẹ́yìn kànga, mo ń kọ ọ́ fún àwọn adìẹ. Nígbà tí ìyá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, tó ń fọ ẹsẹ̀, mo dúró níwájú rẹ̀, mo kọ ọ́.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

Mi ò lè purọ́. “Màmá aránṣọ ni.”

Ó ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Ó ní, “Irọ́ wà níbẹ̀,” ló bá so gèlè mọ́rí, ó kọrí sí ilé aránṣọ tòun ti ẹsẹ̀ tútù, èmi náà ń sáré tẹ̀ lé e.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Orin tí ẹ ṣe yìí kò dára tó.”

Aránṣọ gbójú sókè. “Ibo ló ti kúrú?”

Ìyá mi fẹ́ fajúro, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, aránṣọ náà bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá ibi jókòó sí. Ìyá mi wá nu ojú. “Kì í ṣe àkọ́bí ni mo kọ́kọ́ ń pè. Ọmọ yìí ni. Òun ni àìsàn máa ń ṣe jù. Bí mo bá ti gbọ́ tó jẹ́ mi lóhùn, ẹsẹ̀ mi á fúyẹ́.”

Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ojoojúmọ́ ló ń pè mí, mi ò sì fiyè sí i pé èmi ló ń kọ́kọ́ pè. Àwọn méjèèjì tún ìlà yẹn ṣe lójú mi, wọ́n sì fi èmi síwájú. Mo kọ orin yẹn títí ohùn mi fi ha.

Ayé ti yí. Lónìí, láti òwúrọ̀ ni gbohùngbohùn ń ké káàkiri àdúgbò Houinmè tí mo ń gbé, orin tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Mi ò bú u. Orúnkún mi ṣì ń jó sí i. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èmi náà ti ń ṣe orin kéékèèké fún èèyàn. Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ la fi ń gbé orin lọ bá ẹni tó ni ín. Ní báyìí, inú fóònù ni mo ń fi ohùn kọ ọ́ sí, kí n sì tó gbé ìka kúrò lórí rẹ̀, ó ti dé Kútọnu.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣe ọ̀kan fún ọkùnrin oní-zẹ́mì tó máa ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé mi lọ sọ́jà, nítorí pé ó máa ń yà fún kòtò kí eegun mi má baà dùn mí. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn mí rí.”

Mo fi ránṣẹ́. A ò tíì dé ọjà tí obìnrin náà fi pè é, ó ń bi í léèrè ohun tó fẹ́ jẹ lálẹ́.