Wákàtí Tí Máníjà Fi Pamọ́

Orí ni obìnrin kan máa ń fi tẹ́sítà tó fi ń dán iná wò há sí, láàárín irun dídì, bí káfíńtà ṣe ń fi pẹ́ńsùlù há etí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí tó ti ń ṣiṣẹ́ fi ń pè é ní Ìyá Tẹ́sítà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń tọ́jú iná, fáànù àti jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá húkọ́ lásán, yóò ti mọ ibi tó ń dùn ún kó tó dé ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan, ní ọ̀sán gangan, jẹnẹrétọ̀ náà ké gbì, ó gbọ̀n, ó sì dákẹ́. Aboyún kan ń rọbí lọ́wọ́ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Iná fóònù ni àwọn nọ́ọ̀sì fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè, àmọ́ àyà gbogbo wọn já. Nígbà tí Ìyá Tẹ́sítà tú ẹ́ńjìnnì wò, ó ti nọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì inú rẹ̀ dúdú, ó ki bí ọ̀dà.

Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá ti ṣiṣẹ́ fún àádọ́tàlénígba wákàtí ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Máníjà ló ń kọ wákàtí sínú ìwé, nítorí aago mẹ́rin ni Ìyá Tẹ́sítà ń lọ sílé, ọwọ́ Máníjà sì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá jẹnẹrétọ̀ máa ń wà. Wákàtí mẹ́rin lónìí, mẹ́rin lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń wí. Oṣù méjì ló yẹ kí ọ́ìlì lò, kò sì tíì pé oṣù kan àtààbọ̀ tó ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Máníjà kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn tí àwọn aboyún ti ń dúró de káàdì. Ó ka lẹ́tà síta pé nítorí àìbìkítà obìnrin yìí, ọmọ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

"Máníjà, bí ìwé yín ṣe wí ni mo ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì."

"Ìwé mi ló pa ẹ́ńjìnnì, àbí? Ìwọ tó sọ orí di àpótí irinṣẹ́!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá agbálẹ̀, tí òun àti Ìyá Tẹ́sítà jọ máa ń jẹun ọ̀sán, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀, "ẹ" tí Ìyá Tẹ́sítà fi ń bá Máníjà sọ̀rọ̀ kò di "o".

"Ẹ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ojú wọn náà lẹ ó ti kó ọ̀rọ̀ yín jẹ."

Nígbà tó délé, ó jan ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Ìyá rẹ̀, tó ń ká aṣọ lórí àga, gbójú sókè.

"Ta ló tún tọ́ ẹ níjà?"

Ó rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ìyá ní, "Ìbínú ò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà."

"Sùúrù wo, Màámi? Wọ́n ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Ìyá gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa, máa bínú nígbà náà. Àmọ́ má káwọ́ gbera o. Wá nǹkan ṣe sí i."

Ìyá Tẹ́sítà fa àpótí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bọ́ọ̀dù kékeré kan wà nínú rẹ̀, tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà orí rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, àti gíláàsì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, irú èyí tó ní ìlà méjì, tó ń gbé lẹ́tà mẹ́rìndínlógún sórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Fídíò orí fóònù ló ti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ fún un. Ó yá láptọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó jókòó láti fi ṣe aago tí yóò máa ka wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ bá ṣiṣẹ́.

Ọpọlọ náà mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó ti kọjá láti ìgbà tí iná ti dé ara rẹ̀, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kà dé ọgọ́ta, ó kọjá, ó di ọgọ́rin, ó di ọ̀ọ́dúnrún. Obìnrin náà pín in: ọgọ́ta àáyá fún ìṣẹ́jú kan, ọgọ́ta ìṣẹ́jú fún wákàtí kan. Wàhálà mìíràn dé. Bó bá ka 59 tán, tó yẹ kó padà sí òdo, 09 ló ń hàn, lẹ́yìn náà 19, lẹ́yìn náà 29. Ó gbá tábìlì.

"Ìwọ náà fẹ́ purọ́ fún mi?"

Ó tó ọjọ́ méjì kó tó yé e pé gíláàsì yẹn kì í pa nǹkan rẹ́ fúnra rẹ̀. 9 àtijọ́ ṣì jókòó pa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni nọ́ńbà tuntun ń bọ́ sí. Ó ní kó máa fi òdo ṣáájú nọ́ńbà tó bá dá wà, ìyẹn tán. Ó kù kan: bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ ló ń gbàgbé. Ó kọ àṣẹ pé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kó máa tọ́jú iye tó kà sí ibi tí iná lílọ kò ti lè pa á rẹ́, kó sì máa bá a lọ láti ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe tán, ó lọ bá Dókítà tó ni ilé ìgbẹ̀bí.

"Ara jẹnẹrétọ̀ ni aago yìí yóò ti máa gba iná, Dókítà. Bó bá ń ṣiṣẹ́, á máa kà. Bó bá dákẹ́, á dúró. Ẹ ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Dókítà gbà. Obìnrin náà fi ike oúnjẹ ṣe ilé fún un, ó kàn án mọ́ inú àpótí wáyà, ó tì í pa, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ fún Dókítà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Dókítà pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí ìdí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Máníjà ka ìwé rẹ̀: wákàtí mẹ́rìnlélógún. Dókítà ṣí àpótí. Lórí ìlà àkọ́kọ́, láìsí àmì kankan nítorí gíláàsì náà kò mọ̀ ọ́n, wọ́n rí O TI SISE FUN. Lábẹ́ rẹ̀, 066:14:09. Mẹ́sàn-án náà di mẹ́wàá lójú wọn.

"Irọ́ ni!" Máníjà kígbe. "Nǹkan tí wọ́n fi ike oúnjẹ ṣe!"

Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ni wọ́n fi dúró. Àáyá kan kò fi ya ara wọn.

"Níbo ni wákàtí méjìlélógójì wọlé sí?" Dókítà béèrè.

"Èmi ò mọ̀," ni Ìyá Tẹ́sítà wí, "wáyà á mọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn táǹkì omi, ó fo ògiri, ó wọ yàrá tí ìyàwó Máníjà ti ń sọ ẹja tó ń tà di yìnyín. Bí òkùnkùn bá ti ń ṣú ni wọ́n máa ń tan jẹnẹrétọ̀ sí i.

"Àṣé ẹja là ń gbẹ̀bí fún!" ni ìyá agbálẹ̀ wí. Ìyá Tẹ́sítà kò tilẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àbúrò ìyàwó Dókítà ni Máníjà. Dókítà pe Ìyá Tẹ́sítà sí ọ́fíìsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ilé là á ti jẹ èkúté onídodo. Mo ti fa lẹ́tà yẹn ya."

"Gbọ̀ngàn ni wọ́n ti kà á, Dókítà, ọ́fíìsì lẹ wá ti fà á ya?"

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi yọjú. Mátírọ́ọ̀nù wá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, èsì kan náà ló ń gbà padà: "Kí wọ́n sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti sọ ọ́." Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Gbọ̀ngàn kún. Máníjà dìde, ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó ní, "Mo purọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo lo ẹ̀rọ náà kọjá agbára rẹ̀." Gbogbo wọn wá kọjú sí Ìyá Tẹ́sítà, wọ́n ń retí kó ní ọ̀rọ̀ ti tán.

"Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì wọ yàrá jẹnẹrétọ̀ lọ.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Máníjà, wọn kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, bó bá kí Ìyá Tẹ́sítà, obìnrin náà á dá a lóhùn, nítorí ilé ire ló ti wá. Àmọ́ kì í dúró.