Èso Pupa Àǹtí Bíṣí

Láàárọ̀ yìí, ọmọ ọmọ mi ṣí ìgò jáàmù tí wọ́n fi èso pupa ṣe, òórùn dídùn kan sì gba inú ilé kan. Orí àga ni mo wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti padà sí àgbàlá wa ní Surulere, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Àǹtí Bíṣí, olùkọ́ tó gba yàrá iwájú, ló ti Lọ́ńdọ̀nù dé pẹ̀lú ẹ̀ka igi kékeré kan tó fi aṣọ tútù wé. Bẹ́rì ni, ó ní, èso kékeré ilẹ̀ òyìnbó kan tí wọ́n fi oríṣi méjì pọ̀ bí. Ó gbìn ín sínú ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Ẹ̀gún ló kọ́kọ́ yọ. Àwọn ayálégbé ń bi í pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀gún lẹ ó fi se ọbẹ̀ ni?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á tún bu omi sí i.

Èmi àti Ràṣídá, ọ̀rẹ́ mi láti ilé kejì, la máa ń fa omi kànga fún un ká tó lọ sílé ìwé. Nígbà ọyẹ́, ó tanná funfun, ó so èso mẹ́ta péré. Àǹtí kìlọ̀: "Ẹ má fọwọ́ kàn án o, àfi tó bá dúdú."

Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ bàbá Ràṣídá, òṣìṣẹ́ rélùwéè, lọ sí Kaduna, tòun tẹbí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyá mi sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ìdó, mo ti já èyí tó tóbi jù nígbà tó ṣì pupa, mo dì í mọ́wọ́. Mo nà án sí Ràṣídá lójú fèrèsé ọkọ̀. Ó gé e jẹ, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Yéè, ó mà kan o!"

À ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni rélùwéè ṣí. Ẹ̀rín yẹn ló di ẹkún sí mi lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, Àǹtí dúró ti dúrọ́ọ̀mù. "Ta ló já a?"

"Èmi ni, mà. Ràṣídá ni mo fún."

Ó bojú wo èso méjì tó kù. "Ṣé ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́, mà."

"Ó dáa." Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó wọlé.

Kí méjì tó kù tó dúdú, ẹyẹ ti ṣà wọ́n jẹ. Nígbà tí òjò dé, igi náà jẹrà láti gbòǹgbò.

Kọ̀ǹkéré ti bo àgbàlá náà báyìí. Àǹtí ti lọ sinmi, n kò sì gbúròó Ràṣídá mọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ń dá ara mi lẹ́bi èso yẹn. Ṣùgbọ́n ká ní mo gbọ́ràn ni, ẹyẹ nìkan ni ì bá mọ bó ṣe rí lẹ́nu.