Igi Obì Ẹ̀yìnkùlé Ìsọlọ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Èmi, ọmọkùnrin mi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin la wà nínú yàrá mi ní Òṣòdì. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí láti ọdún tó ṣáájú.

Ọmọ mi ṣí fíríìjì tuntun tó rà, ó gbé abọ́ obì jáde. Igi obì ẹ̀yìnkùlé bàbá ìyàwó mi ní Ìsọlọ̀ ló so wọ́n. Abẹ́ igi náà ni mo ti kọ́kọ́ rí ìyàwó mi, tó ń ṣa èso tó já sílẹ̀, tí kò gbójú sókè wò mí. Nígbà ọyẹ́, wọ́n gé igi náà láti la ọ̀nà fún ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun. Mo dúró títí ó fi wó. A ṣa ìwọ̀nba èso orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi mú tirẹ̀, mo mú tèmi. Mo fẹ́ gbin ọ̀kan nígbà òjò, kí nǹkan kan tó jẹ́ ti ìyàwó mi lè máa dàgbà lójú mi.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, àgbàdo ni mo sì mọ̀. Àgbàdo tí a fẹ́ gbìn, àjà òkè ààrò là ń so ó mọ́, kí èéfín lè fà á gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ìdajì obì náà. Wọ́n hunjọ, wọ́n le bí òkúta. Ni ọmọ mi bá ní kí n fún òun ní ìyókù, kí òun kó o sínú fíríìjì.

"Bàbá, ohun tó bá wọ ibẹ̀ kì í bàjẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń ta obì ní ẹ̀bá ojú irin, mú ọ̀kan nínú abọ́ tí ọmọ mi gbé jáde, ó là á. Inú rẹ̀ ti di dúdú. Ó la òmíràn. Bákan náà.

"Ẹ sọ obì di ẹja!" ló wí. "Ọkọ wa, ẹ yan ìdajì, ọmọ yín kó ìdajì sínú yìnyín. Ó kù kí ẹ fi iyọ̀ sí i."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wò mí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Obì kì í sùn bí àgbàdo. Láàyè ló ń já bọ́ lórí igi, láàyè ló sì fẹ́ wà. Ewé gbòdògì tútù lẹ bá fi wé e, kí ẹ máa yí i padà."

"Tiyín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ti dà á pọ̀ mọ́ obì ọjà. Púpọ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sókè Ọya. Apẹ̀rẹ̀ kan ló kù, ó sì ti ń hù. Ta ló fẹ́ ra obì tó ti hù? Mo fẹ́ dà á nù ni."

"Ẹ má dà á nù."

"N ò lè mọ ti igi yẹn nínú rẹ̀ o."

"Mo gbọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo jókòó ti apẹ̀rẹ̀ náà, mo ń tú ewé, mo ń wo ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ojú tó mọ̀ láàárín èrò. Gbogbo wọn jọra. Mo ṣa gbogbo èyí tó ti yọ gbòǹgbò, mo fi ewé tútù wé wọn, mo sì gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé kí oòrùn tó mú.